Ẹ̀wù tí Ọ̀gá Ylihovi Dá fún Ẹ́ńjìnnì

Bí òtútù bá ń mú yín níbi tí ẹ wà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá nǹkan fi bora kí ẹ tó gbọ́ èyí, nítorí ìtàn òtútù ni, ọ̀gá ńlá kan ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Ní etí òkun Fínláǹdì, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Haapakari. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ẹni tó bá gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ilé àna rẹ̀ ní ìlú kejì. Nínú ìlú tí kò ní òkè yìí ni Tauno Ylihovi ti ń wá bí wọn yóò ṣe fi òun jẹ oyè Olùdámọ̀ràn Òkè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Oyè gidi ni. Ààrẹ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ní í fi í dá àwọn àgbà ilé iṣẹ́ lọ́lá, kò sì sẹ́ni tó máa ń bi wọ́n pé òkè wo ni wọ́n ń gbà níyànjú. Ylihovi ti lá àlá oyè yìí títí ìrọ̀rí rẹ̀ pàápàá fi há a sórí.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà Ibùdó Ìdánwò Ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì dízẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tó tóbi bí ilé, òun ló ń tan iná fún ìlú, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń wádìí bí epo díẹ̀ ṣe lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Bí Ọ̀gá bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ á dìde kí ikùn, wọ́n á dúró di ìgbà tí ìyókù bá dé. Ó ní kí wọ́n gbé àwòrán òun kọ́ sí gbọ̀ngàn ẹ́ńjìnnì, kó dojú kọ ẹ́ńjìnnì gan-an, kí ẹ́ńjìnnì lè máa rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún. Igbákejì rẹ̀, Veikko Pirttilä, ní ọrùn tó rọ̀ dáadáa. Bí Ọ̀gá bá sín, Veikko a ní irú sísín báyìí ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ìhà àríwá.

Nílé nìkan ni nǹkan ò ti gún régé.

"Hilkka, pè mí wò," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

"Kí n pè yín ní kí ni? Bàbá Outi, kọfí yín ń tutù."

"Pè mí ní Olùdámọ̀ràn Òkè. Kó lè mọ́ ẹ lẹ́nu kí ọjọ́ náà tó dé."

Hilkka gbé ife sílẹ̀. "Olùdámọ̀ràn Òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé pàǹtí dànù bí ẹ bá ń jáde."

Ó gbé e. Ṣùgbọ́n ó gbé e tiyìtiyì.

Ayé ìgbà náà, epo rọ̀bì ti di góòlù. Àwọn aláṣẹ ní Helsinki, olú-ìlú ilẹ̀ náà, wá ránṣẹ́ sí gbogbo ibùdó pé ẹni tó bá lè mú kí ẹ́ńjìnnì fi epo kékeré ṣe iṣẹ́ ńlá, wọn ò ní gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín oyè. Wọ́n tún ní bàbá kan, Ensio Lehtokari, tó wà nínú ìgbìmọ̀ oyè, ń bọ̀ ní Haapakari ní oṣù kìn-ín-ní láti wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀gá Ylihovi kò sùn lóru ọjọ́ tó gbọ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó pe ìpàdé.

Seija Rintakoski ló dìde ṣàlàyé. Obìnrin náà ni olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, kì í pariwo, kì í sì í yára.

"Ọ̀gá, nínú ọgọ́rùn-ún ife epo tí ẹ́ńjìnnì wa ń mu, bí ogójì ló ń di iṣẹ́. Ìyókù ń di ooru, ó ń bá èéfín lọ, ó ń bá omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára lọ."

"Ó ń lọ? Ta ló fún un láyè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe rí, sà. Bí èèyàn bá ń roko, kò lè ṣe kó má làágùn."

"Èmi kì í làágùn."

"Òótọ́ ni o," ni Veikko fi gbè é. "Mi ò rí i rí kí Ọ̀gá làágùn."

Òótọ́ ni lóòótọ́. Ẹ̀yin náà ẹ ronú iṣẹ́ tí ìbá mú un làágùn, kí ẹ tó bá Veikko jà.

Seija ní òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń rí nǹkan díẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá mú kí epo tú wọ inú ẹ́ńjìnnì lẹ́búlẹ́bú ju ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á jèrè ìdajì ife. Bí wọ́n bá tún àkókò tí iná ń ràn ṣe, wọ́n á jèrè ìdajì mìíràn. Tó bá fi máa di ọdún mélòó kan, ó máa ń kóra jọ.

"Ìdajì ife!" Ọ̀gá gbá tábìlì. "Ta ni wọ́n fi jẹ oyè rí nítorí ìdajì ife? Sọ fún mi, ooru tó ń sá lọ yìí, ibo ló ń lọ?"

Ọmọdé Haapakari pàápàá mọ ibi tó ń lọ. Sáúnà ìlú, ilé ìwẹ̀ olóoru wọn, ló ń lọ. Àwọn tó kọ́ ibùdó náà ti rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn da ooru sínú yìnyín nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ń gbọ̀n, ni wọ́n bá la paìpù èéfín gba abẹ́ àwọn òkúta sáúnà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, wọ́n sì fi omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ṣe omi ìwẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìlú á kó ara wọn síbẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ìhòòhò, wọ́n á bu omi sórí òkúta, ooru á dìde, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan á sì tán nínú wọn.

Nígbà tí Seija rán Ọ̀gá létí èyí, ó fọwọ́ sọ́yà. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ìdí àwọn apẹja ni oyè mi ń yọ́? Ẹ ti paìpù yẹn! Ti èéfín, ti omi, ẹ tì í pa. Bí òtútù bá ń mú ẹ̀yin, kí lẹ máa ń ṣe? Ṣé ẹ kì í wọ ẹ̀wù ni? Ẹ dá ẹ̀wù fún ẹ́ńjìnnì!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí aránṣọ. Ìyẹn gbé okùn ìwọ̀n rẹ̀ dé, ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo Ọ̀gá, ó béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì náà máa ń sanra sí i nígbà òtútù. Wọ́n fi irun àgùntàn tí wọ́n lù pọ̀ dá a, ó nípọn bí ìbú ọwọ́, wọ́n fi aṣọ tí iná kì í jó tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n sì de bọ́tìnnì idẹ mọ́ ọn láti òkè délẹ̀. Lára irin inú ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi amọ̀ dídán kan rẹ́ ẹ kí ooru má bàa rí ojú ọ̀nà gbà. Ní ọjọ́ ìwọṣọ, Ọ̀gá gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin ọmọ Haapakari! Láti ọjọ́ tí aráyé ti mọ iná, olè ni iná. Lónìí, èmi Tauno Ylihovi mú olè náà, mo dè é tapátẹsẹ̀, mo sì wọ ẹ̀wù fún un! Láti òní lọ, n kò fẹ́ gbọ́ 'àdánù' lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ibùdó yìí. Ooru kì í dànù mọ́. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ pè é ní ooru tó gba ìsinmi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Veikko nu omijé, bí wọ́n sì ṣe de bọ́tìnnì ìkẹyìn, tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ aago ńlá ara ògiri, èyí tó ń ka iye ife epo tó ń di iṣẹ́, sún díẹ̀, láti ogójì ó di mọ́kànlélógójì. Háà! Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Veikko ní ọ̀kan yìí kì í ṣe ọ̀kan lásán, ọ̀kan tó níyì ni. Wọ́n gbé kọfí àti búrẹ́dì aládùn wá, Ọ̀gá sì tún gun orí àpótí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Àárín ìdúpẹ́ náà ni agogo ti dún, gbàn-ín, gbàn-ín, gbàn-ín.

"Kí nìyẹn?"

"Agogo ìkìlọ̀ ni, sà," Seija dáhùn. "Òróró inú ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná jù. Bí òróró bá jóná, irin á máa fọwọ́ họ irin nínú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí omi ìtutù díẹ̀, kó lè mí."

"Agogo tó ń já lu ọ̀rọ̀ àgbà, ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n fi tọ́ ọ? Ẹ yọ ọ́!"

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín ni, agogo yẹn..."

"Rintakoski, ṣé agogo ló gbà ọ́ síṣẹ́ ni àbí èmi?"

Seija wo àwọn tó dúró yí i ká bóyá ẹnì kan á kún un lọ́wọ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Wọ́n yọ agogo, wọ́n sọ ọ́ sínú àpótí àkísà. Láti ìgbà náà ló ti di pé ìdajì wákàtí ni wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á pa á kó sinmi, tí iná ìlú á lọ, kí wọ́n tó tún tan án. Ọ̀gá ní ẹ́ńjìnnì ń ronú ni.

Ẹ bá mi wo ìlú wàyí. Sátidé kìn-ín-ní, sáúnà tutù. Sátidé kejì, ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tọkọtaya tí wọ́n ti máa ń parí ìjà wọn lẹ́yìn ìwẹ̀ kò rí ibi parí rẹ̀ mọ́. Ìyá Martta, arúgbó tó ń se kọfí fún àwọn òṣìṣẹ́, ló wá ṣe aṣojú ìlú lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, eegun ń dùn wá. Ẹ ṣàánú, ẹ ṣí paìpù."

"Ìyá, ẹ lọ sọ fún wọn pé àìwẹ̀ wọn ń gbé orílẹ̀-èdè ga."

"Màá sọ. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ náà ń ga o."

Báyìí ni oṣù kìn-ín-ní ṣe wọlé, tí Bàbá Lehtokari bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, arúgbó, tí irun ojú rẹ̀ funfun bí ìrì dídì ìta. Wọ́n kó ìlú jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n so òdòdó mọ́ bọ́tìnnì ẹ́ńjìnnì, Ọ̀gá sì sọ̀rọ̀ títí àwọn tó dúró fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan sinmi, wọ́n á tún pààrọ̀ sí ìkejì. Lehtokari wo aago ara ògiri, ó wo ẹ̀wù, ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan, ó yára fà á padà nítorí pé ó gbóná.

"Mọ́kànlélógójì," ló wí. "Kò burú. Ìwé náà wà lápò mi, ọwọ́ mi ló kù kó kàn án. Àmọ́ ẹ mọ àṣà wa, a kì í parí ọ̀rọ̀ pàtàkì nínú aṣọ. Sáúnà yín dà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Ọmọ Fínláǹdì, ọmọ tí wọ́n wẹ̀ ní sáúnà kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, ó pe àlejò láti olú-ìlú, ó ra òdòdó, ó ránṣọ fún irin, ó wá gbàgbé sáúnà! Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbọ́ ní ilẹ̀ yẹn.

Seija rìn sún mọ́ Ọ̀gá. "Ọ̀gá, tá a bá ṣí paìpù nísinsìnyí, òkúta á gbóná díẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ṣọ tán. Ẹ́ńjìnnì náà á sì rí ìtura. Ó ti kọjá àkókò tó yẹ ká pa á."

"Aago ńkọ́?"

"Á padà sí ogójì."

Ọ̀gá wo aago. Ó wo àpò ẹ̀wù Lehtokari tí ìwé oyè wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti sáúnà dé tí ọwọ́ aago ti lọ sílẹ̀, oyè náà lọ nìyẹn. Ẹ̀rù bà á gidi gan-an, kí n má purọ́ mọ́ ọn.

"Má fọwọ́ kàn án," ló wí.

Báyìí ni wọ́n ṣe bọ́ sí ìhòòhò, wọ́n wọ sáúnà. Ọ̀gá to ìjókòó bí ipò ṣe tẹ̀lé ara wọn, àlejò àti òun lórí pákó òkè níbi tó yẹ kó gbóná jù, Veikko nísàlẹ̀. Lehtokari pa ojú dé pẹ̀lú ayọ̀, ó fi igbá onígi bu omi, ó dà á sórí òkúta. Ohun tó yẹ kéèyàn gbọ́ ni "ṣááá". Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Omi náà dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí òkúta, ó ń wò wọ́n.

Lehtokari la ojú kan. "Ọ̀gbẹ́ni Ylihovi, ṣé wọ́n ti dáná?"

"Bàbá, ẹ ṣọ́ra, ooru yìí lágbára!" Veikko ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu òógùn tí kò sí níwájú orí rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn kọ̀kọ̀kọ̀. "Ẹ... ẹ bá mi ṣí... ṣí ilẹ̀kùn, mo fẹ́ẹ́ dákú!"

"Bàbá mi," Ọ̀gá gbọ́n òtútù nù lára, ó sì dìde dúró bó ṣe wà, ìhòòhò ọmọlúàbí, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìjókòó. "Ohun tí ń mú yín yìí kì í ṣe òtútù lásán. Ẹ̀rí ni! Ní àwọn ibùdó mìíràn, ooru ẹ́ńjìnnì ń sá wọ inú sáúnà bí ewúrẹ́ tó já okùn. Níbí, kò sí èyí tó sá rárá. Gbogbo gbígbọ̀n tí ẹ ń gbọ̀n, iṣẹ́ ló dà nínú ẹ́ńjìnnì!"

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀," Lehtokari wí, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, "bí mo bá kú sórí pákó yìí, aago yẹn á di ogójì ó lé méjì?"

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá," ni Veikko dáhùn kó tó ronú.

Bí ó ṣe ń pa ẹnu rẹ̀ dé, igbe irin dún láti gbọ̀ngàn, kíííírììì, ó ta èèyàn létí, gbogbo ilẹ̀ sì mì gbàgà. Iná kú. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e burú ju igbe náà lọ. Ẹ́ńjìnnì Haapakari ti há.

Kò sẹ́ni tó rí aṣọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Lehtokari rí táwẹ́ẹ̀lì kan fà, Ọ̀gá rí èyí tó kéré, Veikko kò rí kankan, ewé igi tí wọ́n fi ń na ara nínú sáúnà ló gbá mú. Wọ́n sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ gbọ̀ngàn, ibi tí gbogbo ìlú dúró sí pẹ̀lú àtùpà àti kọfí tí Ìyá Martta sè. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, wọ́n ní kó dákẹ́, àmọ́ àwọn tó ní kó dákẹ́ náà ti ń rẹ́rìn-ín.

Seija àti àwọn ọkùnrin méjì ti fi ọ̀pá irin fa ẹ̀wù ya lára ẹ́ńjìnnì, èéfín ń rú lára rẹ̀. Irin ìhòòhò náà ń tú ooru jáde. Lehtokari tó ń gbọ̀n bí ewé rìn lọ síwájú bí ẹni tí wọ́n pè. Igbá onígi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi díẹ̀ sì kù nínú rẹ̀. Ó wo irin náà, ó da omi lù ú. Ṣááááá! Ooru dìde, ó bo bàbá náà mọ́lẹ̀, bàbá sì kọ ẹ̀yìn sí i, ó jókòó sórí àpótí.

"Áà," ló wí. "Sáúnà rè é."

Wọ́n gbé aṣọ òtútù bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ara bàbá ti balẹ̀, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Gbogbo ẹ́ńjìnnì báyìí ló ní agogo ìkìlọ̀. Tiyín dà? Ta ló yọ ọ́?"

Veikko, pẹ̀lú ewé rẹ̀, na ìka. "Onímọ̀ ẹ̀rọ Rintakoski ló ń bójú tó ẹ́ńjìnnì, Bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà."

Seija yíjú sí Ọ̀gá. Gbogbo ìlú ń wo Ọ̀gá. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi wò ó. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún un. Kó kàn mi orí ni, ẹ̀bi á rékọjá sórí obìnrin náà, ìwé á jáde nínú àpò, oyè á sì wọlé. Ó gbé ojú sókè láti wá ọ̀rọ̀ ńlá kan sọ, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ ojú ara rẹ̀ nínú àwòrán ara ògiri, tòun ti kóòtù, tòun ti táì. Ojú tì í. Ojú tì í níwájú àwòrán yẹn ju bó ṣe tì í níwájú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ lọ.

"Irọ́ ni," ló wí. "Seija kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́, nítorí pé ó ń já lu ọ̀rọ̀ mi. Paìpù náà, èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣí i."

Bàbá Lehtokari yíjú sí i. "Látàárọ̀ ni ẹ ti ń sọ̀rọ̀, Ọ̀gbẹ́ni, èyí nìkan ló yé mi. Ká ní ẹ sọ ọ́ nígbà tí agogo ṣì ń dún ni, ǹ bá ti fọwọ́ sí ìwé yìí tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Oyè ti bọ́, àga ọ̀gá àgbà náà ò ní pẹ́ bọ́, èmi ni mo máa sọ fún wọn ní Helsinki. Màá sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e fún obìnrin yìí àti ìdajì ife rẹ̀." Ó sún díẹ̀ lórí àpótí. "Ẹ wá jókòó. Òtútù ń pa yín."

Tauno Ylihovi jókòó sáàárín àwọn èèyàn tó ti fi òtútù jẹ níyà, ó kọ ẹ̀yìn sí irin tó ti bà jẹ́, kò sì mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Ìyá Martta ló gbé ife wá fún un. Kò bú u, kò fi í ṣẹ̀sín. Ó kàn ní, "Gbà, ọmọ mi, ó gbóná."

Ó mu ún tán. Omi lé sí i lójú, ó sì jẹ́ kó dà. Lẹ́yìn náà, ó na ife náà padà sí ìyá arúgbó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bù sí i."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní gbọ̀ngàn yẹn láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá, èyí ló rẹlẹ̀ jù, òun nìkan sì ni èèyàn mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti ṣe fún un.